Máàkì Losana

Losana ló gba máàkì jù ní kíláàsì àwọn ẹnjiníà ní yunifásítì ìlú Suva.

Dókítà Kamlesh, olùkọ́ wọn, ń ka ìwé ìwádìí Losana sókè: "Afárá abúlé yìí ti jẹrà. Kí ẹnikẹ́ni má gba orí rẹ̀ mọ́."

Ó yíjú sí kíláàsì. "Ṣé ẹ rí i? Kò fepo bọyọ̀."

"Losana, oúnjẹ ọ̀sán dọwọ́ ẹ o," ẹnìkan ń pa á láṣà.

Losana kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni baálẹ̀ abúlé náà wí nígbà tó gbọ́?" Dókítà bi í.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún un, sà. Ó tẹ́ní fún wa, ó fún wa ní kava, ohun mímu tí wọ́n fi ń ṣàlejò, mu. Ojú ń tì mí. Mo rò pé bẹ́ ẹ ṣe gba ìwé náà lóṣù tó kọjá, ẹ máa fi ránṣẹ́ síjọba."

"Èmi kẹ̀? Máàkì ni mo fún un."

"Afárá náà já ní Sátidé, sà. Ìyá màmá mi ló wà lórí ẹ̀."