Ẹja Tí Idwal Gbé Wá Sílé Ọtí

Àìnísùúrù ni àrùn Idwal Probert, ará abúlé Abermelyn nílẹ̀ òyìnbó. Kì í dúró kí omi hó kó tó fi po tíì. Tíì lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń mu látìgbà tó ti dàgbà, á sì máa bú ẹni tó tà á fún un. Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí nípọn bí kò bá ní ẹnu. Ṣùgbọ́n Idwal ní ẹnu, ẹnu náà sì tóbi ju orí tó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ti odò pa fún ẹja pípa lọ́dọọdún ní abúlé wọn, ẹni tó bá pa ẹja tráótì tó tóbi jù ló ń gba àga ẹ̀gbẹ́ iná nílé ọtí Emlyn títí ọdún á fi yípo. Ekòló kò gbọdọ̀ wọ odò náà. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé bíi kòkòrò nìkan ni òfin gbà. Idwal ló gba àga náà lọ́dún tó kọjá. Òjò àti òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, àga náà sì ti mọ́ ìdí Idwal lára.

Lọ́dún yìí, láti òwúrọ̀, ẹja kankan kò yọjú. Oòrùn mú, gbogbo wọn sì sá sábẹ́ òkúta bí ẹni tó ń sá fún agbowó-orí. Idwal ju ìwọ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣépè fún un. Nítòsí rẹ̀, Àǹtí Nesta, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jókòó sórí koríko, ó ń jẹun. Okùn rẹ̀ kò tíì kan omi.

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ wá pa ni àbí búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì ni mo rí pa báyìí. Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Tí oòrùn bá ti wọ ẹ̀yìn òkè, kòkòrò á jáde, ẹja á wá jẹun."

"Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n á ti sin yín."

"Jẹ́ kí n jẹ wàràkàṣì mi tán ná, kí wọ́n tó wá gbé mi."

Idwal ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Irọ́ ni. Ó wọ mọ́tò, ó kọjá sí ẹ̀yìn òkè, níbi tí ọkùnrin kan ti ń sìn tráótì nínú adágún onísímẹ́ńtì. Ó ra èyí tó sanra jù níbẹ̀, ó sì fi àpò tútù wé e.

Kò tíì padà dé tí oòrùn fi wọ̀. Kòkòrò kéékèèké rú jáde lójú omi bí èéfín. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́. Nígbà náà ni Àǹtí Nesta dìde, ó gbọn èérún búrẹ́dì nù, ó sì ju ìwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ibú tí Idwal fi sílẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ.

Nílé ọtí, ẹja Idwal fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ju ti Àǹtí Nesta lọ. Ó ti jókòó sórí àga kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó.

"Kí ló họ ìrù ẹja ẹ báyìí?" Emlyn béèrè, ó ń fa ọ̀bẹ yọ.

"Òkúta ni. Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

Gbogbo ilé wò ó. Àṣà wọn ni láti la ikùn ẹja tó bá borí, kí wọ́n lè mọ kòkòrò tó ń jẹ, kí wọ́n sì wé irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Idwal kò mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọtí ló sáré lọ mu, kò dúró wò ó.

Emlyn la ẹja. Kòkòrò kan kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ oníhóró, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú àpò tà fún àwọn tó ń sìn ẹja, ló tú sórí tábìlì. Àǹtí Nesta wọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Irú kòkòrò wo rèé, Idwal? Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀."

"Irú... irú tuntun ni, Àǹtí."

"Tuntun ni lóòótọ́. Inú àpò ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u jáde."

Ilé wó fún ẹ̀rín. Wọ́n lé e kúrò lórí àga, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí odò náà fún ọdún méjì. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ni ìjókòó rẹ̀ báyìí. Atẹ́gùn ń lá a lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ tọ̀ á kí i pé, "Ẹ ǹlẹ́ o, Oníhóró." Èyí tó dùn ún jù ni ohun tí Àǹtí Nesta sọ fún un láti orí àga ẹ̀gbẹ́ iná: "Ibi tó o dúró sí láàárọ̀ gan-an ni ẹja mi ti jáde. Tìẹ ni ì bá jẹ́."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kí a má ṣe kúrò níbi tí oore wa ti ń bọ̀ nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi ìkánjú gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yóò fi owó ara rẹ̀ ra ìtìjú. Bí sùúrù bá sì ṣòro fún ọ bíi ti Idwal, mú búrẹ́dì àti wàràkàṣì dání.