Ta Ló Wà Lókè Ilé Agogo?

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ìyìn ju iṣẹ́ lọ. Kí n má purọ́ fún yín, gbogbo wa la fẹ́ràn ìyìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ti ọkùnrin yìí ti di àìsàn. Alùgogo kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni, Ọ̀gá Agogo sì ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Agogo ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan o. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n so rọ̀ sókè ilé gogoro tó wà láàárín ọgbà. Èyí tó kéré jù ò ju garawa lọ, èyí tó tóbi jù sì lè bo èèyàn méjì mọ́lẹ̀. Nínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ wọn, igi gbọọrọ gbọọrọ ló tò lọ bí eyín. Ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi ń lu àwọn igi náà, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ti àwọn agogo ńlá, wáyà á wá fa ahọ́n agogo, orin á bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni, ó ń fẹ́ ìdánrawò lójoojúmọ́, àtẹ̀gùn igba ó lé méjì sì lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Ọ̀gá Agogo ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún yìí kan náà ló fi ń jó tí wọ́n bá pè é síbi ayẹyẹ!

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbá àtẹ̀gùn náà, ìdí nìyẹn táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Àǹtí Àtẹ̀gùn. Tó bá gbálẹ̀ tán, á jókòó ti pátákó ìdánrawò tí kò ní agogo lára, á máa lù ú títí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi le. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n lù ju òun lọ, ṣé ó yìn ín? Rárá o. Ó ní, "Ìwọ ni kó o máa bá mi lù ú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò lè rí ẹni tó wà lókè." Ọdún mẹ́ta gbáko, àbúrò ń làágùn lókè, ẹ̀gbọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Tí orin bá tán, á jáde, á máa fi aṣọ ìnujú nu ojú tó gbẹ.

Nígbà tó yá, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn alùgogo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé àwọn máa gba ẹnì kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí alùgogo tàbí ọ̀gá àgbà ṣáà fọwọ́ sí i pé ẹni náà mọ iṣẹ́. Àǹtí Àtẹ̀gùn kọ ọ́ kún, ó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ọ̀la ni wọ́n ń gbà á kẹ́yìn."

"Kí ni kí n sọ? Pé agbálẹ̀ mọ agogo lù?"

"Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n lù ni?"

"Tó o bá lọ, ta ló máa wá máa bá mi lù ú?" Ó fa fọ́ọ̀mù náà ya sí méjì, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Inú bí Àǹtí Àtẹ̀gùn. Ó he fọ́ọ̀mù náà, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá wọn lọ. Ìyá ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Má dójú tì í. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà."

"Mọ́mì, ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọbẹ̀ yìí síkùn, ó ti kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò dákẹ́ mọ́."

Ọjọ́ kejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fún Ọ̀gá Agogo ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n to àga sórí koríko, èrò pé. Ó ti kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀: orin mẹ́ta péré, kó sì jókòó sókè títí èrò á fi tú. Orin mẹ́ta náà dún, ó dùn, àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀gá Agogo yọ, ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọwọ́ mi méjèèjì tí ẹ ń wò yìí..."

Gbọ̀ọ̀ọ̀n! Orin kẹrin bẹ̀rẹ̀ lókè. Gbogbo èèyàn gbójú sókè, wọ́n sì tún wo ọkùnrin náà.

"Ta ló wà lókè?" Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ló béèrè.

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ó ń lù ú fúnra rẹ̀."

"Ẹ̀rọ wo? Ta ló rà á?"

Ọ̀gá àgbà gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bá obìnrin náà láìwọ bàtà, tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu igi. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku díẹ̀ kó parí." Ó lù ú délẹ̀, ọ̀gá àgbà sì dúró dè é.

"Láti ìgbà wo lo ti ń lù ú?"

"Ọdún mẹ́ta. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì, sà." Ó na fọ́ọ̀mù tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ sí i. "Ibi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí nìyí."

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba àmì ẹ̀yẹ àti kọ́kọ́rọ́ ilé agogo lọ́wọ́ Ọ̀gá Agogo, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ó rán àwọn ẹbí sí àbúrò rẹ̀ pé kó wá bẹ òun. Àbúrò dáhùn pé, "Màá kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba ìyìn iṣẹ́ tẹ́lòmíì ṣe: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń fọ́nnu gan-an ni àṣírí máa tú. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń gba ìyìn iṣẹ́ yín mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dákẹ́ nítorí ẹbí. Bíbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, àmọ́ kò sí àgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kéèyàn má jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó sọ òtítọ́ kọ́ ló dójú ti òpùrọ́. Òpùrọ́ ló dójú ti ara rẹ̀.