Abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la

Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Matthias nìkan ló gbé Tanímọ̀la, ajá wọn, lọ bá dókítà ẹran. Nígbà tó padà délé ní Mahuta, ṣéènì ọrùn ajá náà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, ó ti sùn, ìyà ti tán. Ó fọwọ́, ó sì jókòó.

Harriet, ìyàwó rẹ̀, sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ajá náà ti darúgbó lóòótọ́, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó sì lá abọ́. Omijé kan kò bọ́ lójú ọkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìwà Matthias ti yí padà. Lọ́jọ́bọ̀, yóò múra, yóò wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Kawo lọ sí Zaria, kò sì ní í sọ ẹni tó lọ kí. Bó bá dé, á ní òun ti yó. Síbẹ̀ ó ń rù. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó pe Harriet sẹ́yìnkùlé, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀.

Harriet sọ ọ́ fún Hàwáwù, aládùúgbò wọn tó ń ta ìrẹsì. Hàwáwù ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ọkùnrin tó bá ń kọ́ ìyàwó ẹ̀ bó ṣe máa dá gbé,” ló wí, “ó ti ní ilé mìíràn. Ajá sì máa ń gbó bí olówó ẹ̀ bá ń yọ́ wọlé, ìdí tó fi mú un kúrò nìyẹn.”

Nígbà tí Harriet kò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́, ó bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló wà ní Zaria.

Matthias wo ilẹ̀. “Ìyá Dárasími, jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ná.”

Ilẹ̀ mọ́, Harriet kọrí sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń jẹ́ Aaron. Ó bi í pé àìsàn wo ló ṣe Tanímọ̀la.

“Kò ṣàìsàn kankan, mà. Ogbó lásán ni. Ó ṣì lè lo ọdún kan sí i.”

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, nígbà náà. Harriet béèrè bóyá obìnrin kan tẹ̀lé ọkọ òun wá. Aaron ní Matthias nìkan ló wá. Ó ní òun kọ́kọ́ kọ̀ fún un, àfìgbà tí ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó gbé orí ajá náà lé itan, tó ń sunkún bí ọmọdé.

“Kí ló wá sọ fún ẹ?”

Aaron wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọn kò tíì sọ fún un.

“Ọkọ yín ní wọ́n ti sọ fáwọn nílé ìwòsàn ní Zaria pé àwọn ò ní rí Kérésìmesì, mà, àwọn ò sì fẹ́ kí ajá yẹn máa sùn lẹ́nu géètì, kó máa retí àwọn.”