Adé Koríko

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí. Ní ìlú Róòmù àtijọ́, ọ̀gágun kan wà tó ń jẹ́ Numẹ́ríù. Akin ni, ọpọlọ rẹ̀ sì pé, àmọ́ ojú ilé tó ti wá ń tì í. Amọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń ṣe bíríkì tà.

Ojú ogun ló ti gòkè. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogun lásán, ó ń gbẹ́ yàrà bíi gbogbo wọn. Nígbà tó dọ̀gá pàápàá, kò gbé ọkọ́ jù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọ̀tá sé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù kan mọ́ orí òkè fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán kí Numẹ́ríù tó jà wọlé, tó kó wọn jáde láàyè. Àṣà Róòmù ni pé ẹni tó bá gba odindi ẹgbẹ́ ogun là, àwọn tó gbà là yóò já koríko ibẹ̀, wọ́n á fi hun adé fún un. Olówó kan ò lè rà á. Ọ̀pítà, àgbà ọmọ ogun tí eyín rẹ̀ ti ká, ló gbé e lé e lórí. Omijé bọ́ lójú Numẹ́ríù.

Wọ́n délé, ó ní òun fẹ́ jẹ olórí ìlú. Ìbò ni wọ́n sì fi ń yan olórí. Àwọn ọlọ́lá fún un ní adé wúrà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan láàárín ìlú fún ayọ̀ ìṣẹ́gun, ó wo adé koríko tó ti gbẹ, ojú tì í. Ó dé wúrà, ó na koríko sí ẹṣin rẹ̀ lẹ́nu.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Oúnjẹ ẹṣin kúkú ni.”

Àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀ lé e rí bí ẹṣin ṣe ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìbò, ó wọ aṣọ funfun tí àwọn tó ń dupò máa ń wọ̀, ó lọ bá wọn. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gbàgbé mi o.”

Ọ̀pítà dọ̀bálẹ̀ fún un. “Ọ̀gá, a ò lè gbàgbé yín. Ṣùgbọ́n ẹṣin yín ló jẹ ọpẹ́ wa. Ẹ ní kó wá dìbò fún yín.”

Ẹlòmíràn ni wọ́n yàn. Àwọn ọlọ́lá ò pọ̀ tó láti gbé e wọlé.

Lọ́dún kejì, Numẹ́ríù nìkan padà lọ sórí òkè yẹn. Koríko kún ibẹ̀ bámúbámú. Kò rí ẹni tí yóò hun ún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má torí ojú ayé tàbùkù ohun tí wọ́n fi ìfẹ́ fún yín, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.