Ohun Ọlọ́hun

Ní Ọjọ́bọ̀, Kifayat wọ kẹ̀kẹ́ láti gáréèjì dé ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Fìà. Iléṣà ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí Jibril, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Kì í ṣe nítorí Jibril, nítorí ilé ni.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àna náà a sì máa wò ó kó tó mú ìyàwó. Ilé Àdíját, ìyá Kifayat, kò ṣeé wò. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrù ló kún ibẹ̀: ìdérí kẹ́tùlù, ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní ìkejì, aago ọwọ́ tó ti kú, rúlà ọmọ ilé-ìwé, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ tẹ́nikẹ́ni ò mọ àgádágodo rẹ̀. Ó fi ọ̀rá di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ta á ní kókó. Bí èèyàn bá ní kó dà wọ́n nù, èsì kan ṣoṣo ló ní. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká tipẹ́, ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀.

“Ohun Ọlọ́hun ni.”

Bí Kifayat ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà, wọn a rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi ní Ọlọ́hun ló ni pàǹtí,” ni á wí.

Nílé, kì í rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í ni. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá wọ ibi ìsọmọlórúkọ ládùúgbò, àwọn obìnrin a rọra fa báàgì wọn sórí itan. Kifayat mọ ohun tí wọ́n ń wí nínú: akópàǹtí ti dé. Ìyá rẹ̀ a sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọn yóò fi padà sílé, bí ẹni mú ọmọ ọdún mẹ́ta dání.

Ẹrù náà kì í dínkù, àfi bí ẹnìkan ládùúgbò bá ti ìrìn àjò dé, tàbí bí ẹnìkan bá kú. Nígbà náà ni Àdíját máa ń mú ọ̀rá kan jáde, tí á sì padà wálé lọ́wọ́ òfìfo.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ìyá ló tú báàgì ọmọ, bó ṣe máa ń ṣe. Ó kó aṣọ jáde, ó kó ìpara, ó wá mú ilé tìróò kékeré kan jáde, ti idẹ, tó ní ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn.

“Ta ló ni èyí?”

“Mo rí i ni, Màámi.” Fóònù ni Kifayat ń tẹ̀.

“Níbo lo ti rí i?”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Kò sí nǹkan tí ẹ ò ní kó pamọ́.”

Àdíját wá ọ̀rá, ó dì í, ó ta á ní kókó, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ kírun Jímọ̀, Kifayat pe Béjidé, tó ń ti ọmọlanke kiri láti kó irin àti ike àlòkù.

“Ṣé Ìyá mọ̀ sí i?” Béjidé bi í. “Ọkọ̀ Ìbàdàn máa kó o lónìí o. Kò ní í ṣeé gbà padà.”

“Ẹ ṣáà máa kó o.”

Kifayat fọwọ́ ara rẹ̀ dà wọ́n sínú àpò. Ó dá díẹ̀ mọ̀ nínú wọn. Kò wo èyíkéyìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àdíját dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, Màámi. Ẹ fẹ́ kí ìyá Jibril wá wo ìyẹn?”

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bí wọ́n bá wá bi mí ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀?”

“Ta ló máa bèèrè ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́ yín?”

“Ohun Ọlọ́hun ni,” ni ó ń wí, ó ń sunkún. Kifayat pa fèrèsé dé kí àwọn ará ilé kejì má bàa gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò dé láti Iléṣà. Ìyá Jibril, obìnrin ọlọ́yàyà, jókòó ti Kifayat lórí àga gígùn, ó gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Ó wo ilé yíká.

“Ilé yín mà mọ́ o, ìyá wa! Ìdí tọ́mọ yín fi mọ́ nìyí.”

Kifayat mí kanlẹ̀.

“Àmọ́ ẹ má wo ojú mi,” Ìyá Jibril ń rẹ́rìn-ín. “Mi ò lé tìróò. Ilé tìróò tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ló sọnù. Láti ọjọ́ tí ìyàwó wa wá sùn lọ́dọ̀ wa la ti ń wá a. Mo tiẹ̀ ti lé obìnrin tó ń bá mi fọṣọ lọ torí ẹ̀.”

Àdíját dìde. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju àlejò náà lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ń tú etí ìró rẹ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́,” Kifayat sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ má kó pàǹtí síta.”

Ìyá rẹ̀ tú kókó ọ̀rá náà. Ó pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí àlejò lè gbọ́ ọ dáadáa. Kò pe Ọlọ́hun.

“Ohun olóhun ni. Ẹ gba ohun yín.”

Ìyá Jibril wo ilé tìróò náà, ó wo Kifayat, ó sì rọra fa báàgì rẹ̀ sórí itan.