Irin Tí Ọládèjì Gbé Lọ Síwájú Pẹpẹ

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn kan á ka ìlà méjì, wọ́n á ní àwọn ti mọ ibi tó ń lọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á tán.

1.

Ọládèjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Garland, létí Dallas níbí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin. Òun àti Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé ní Sachse. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin kéékèèké fún àwọn tó ń ta ẹ̀rọ omi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ohun ìjà inú àká wọn ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń wá òmíràn tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè dá a ṣe. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ń gbà kọjá. Bí iṣẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọládèjì nìyẹn: òrùka irin kan tó ń wọ ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó gba òṣìṣẹ́ sí i, ó ra ẹ̀rọ tuntun, ó sì jáwọ́ nínú iṣẹ́ gbogbo oníbàárà àtijọ́, ó ní ọ̀kan yìí ti tó òun jẹ. Sharon, obìnrin òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù fún ilé iṣẹ́ ńlá tó gbé iṣẹ́ náà fún Ọládèjì, kìlọ̀ fún un pé irin yìí kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí i, àgàgà ẹni tó wà ní òkè òkun. Òfin ìjọba ni. Ọládèjì gbà, ó fọwọ́ sí i.

2.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó ra ilé á gbé kọ́kọ́rọ́ wá síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ẹni tó yege ìdánwò á gbé ìwé ẹ̀rí wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọládèjì ń lọ ní Addison, àwọn dókítà àti àwọn oníkọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà Ayọ̀ladé ló burú jù nínú wọn. Bó bá ti rí i, á ní, "Alágbẹ̀dẹ wa, ọkọ́ mélòó lẹ rọ lọ́sẹ̀ yìí?" Ọládèjì á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tí Ọládèjì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ iṣẹ́ tuntun yìí, Sẹ̀gilọlá bá a níbi tó ti ń fi aṣọ ìnujú wé òrùka irin kan.

"Bàbá Ṣemílọ́rẹ, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀. Ọlọ́run ti mọ iṣẹ́ yín."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ladé ni ò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé e dé iwájú pẹpẹ. Ó gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sọ ibi tó ń wọ̀ lára rọ́kẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn, torí wọ́n ń fi ìsìn hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Ìbàdàn, London àti Dubai sì ń wò ó. Dókítà Ayọ̀ladé pàápàá dìde dúró.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilé Ọlọ́run ló ti ṣe é, tòun ti ọpẹ́ lẹ́nu. Ìgbéraga náà mọ aṣọ ìdúpẹ́ wọ̀.

3.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Hafsah, tó ń yẹ irin wò ní ṣọ́ọ̀bù, na fóònù rẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀. Ẹnìkan ti gé fídíò náà, ó ti ń lọ káàkiri lórí Wáàsáàpù. Ẹ̀gbọ́n Hafsah tó wà ní Kano ló fi ránṣẹ́ sí i. Ọládèjì wò ó tán.

Ó pe Arákùnrin Fúnṣọ́, tó ń bójú tó fídíò ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," Fúnṣọ́ wí. "Mo máa yọ ọ́ kúrò báyìí báyìí. Ta ló máa mọ̀?"

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Bó bá sọ fún Sharon, iṣẹ́ náà lè lọ, kò sì sí oníbàárà mìíràn mọ́. Ṣọ́ọ̀bù á kú, àwọn tó gbà síṣẹ́ á tú ká. Bó bá dákẹ́, bóyá kò ní sí nǹkan kan.

Ó wakọ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́. Sẹ̀gilọlá kò sọ pé ṣebí òun ti wí.

"Bí nọ́ọ̀sì bá fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣé ó máa dúró kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n lè lé nọ́ọ̀sì náà."

"Wọ́n lè lé e. Ṣùgbọ́n bó bá tètè sọ, a ṣì lè gba aláìsàn là."

4.

Inú mọ́tò rẹ̀ níbẹ̀ náà ni Ọládèjì ti pe Sharon. Sharon béèrè ohun tó hàn àti àwọn tó rí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó gbogbo òrùka náà lọ, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì fi tó ìjọba létí.

Ọládèjì pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ẹnu òun ló fà á. Àwọn kan bínú lọ. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn fi gbà wọ́n, torí iṣẹ́ ohun ìjà ń pọ̀ sí i ní gbogbo àgbègbè wa. Hafsah àti àwọn díẹ̀ dúró. Wọ́n ta ẹ̀rọ tuntun kan. Ọládèjì wakọ̀ kiri títí dé Grapevine, ó ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, títí ó fi rí ẹni tó gbé iṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀dì ọsibítù fún un.

Oṣù gorí oṣù kí Sharon tó padà wá. Ó ní nítorí pé àwọn tètè gbọ́, àwọn ti yí bí òrùka náà ṣe rí padà kí ọ̀tá tó lè fi fídíò náà ṣe nǹkan.

"Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ́dún yìí," ó wí. "Ẹni yẹn bò ó mọ́lẹ̀. A ò ní fún un níṣẹ́ mọ́ láé. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ fẹnu ara yín pè wá."

Ó dá ìdajì iṣẹ́ náà padà fún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọládèjì gbà á, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó tún gba òṣìṣẹ́ tuntun.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún níṣẹ́ tó ní àṣírí. Ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tú àṣírí náà nítorí àtipa ẹnu ẹlẹ́gàn mọ́. Ẹ má fi oníbàárà kan ṣoṣo ṣe gbogbo ọ̀nà ọ̀fun yín. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kí ilé tó jó tán. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Èyí tí kò bá tíì kú nínú wọn, kó yáa fi ẹnu náà sọ òtítọ́.