Òwú Pupa Nínú Gìtá

"Kì í ṣe ọwọ́ yín ló bàjẹ́, màmá. Wọ́n di gìtá yín lẹ́nu ni."

Obìnrin onígìtá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì atúngìtáṣe.

Gìtá tó ń ké bí ẹyẹ tẹ́lẹ̀ ti ń kùn bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ti ní kó kúrò níwájú.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Àgbà ló dé, ìyàwó mi. Jókòó tì mí nílé." Tí obìnrin náà bá ti òde eré dé, ọkọ yìí ló ń bá a nu gìtá.

Atúngìtáṣe tọ́ka sí kàpásítọ̀ kan, èròjà kékeré tó ń sẹ́ ohùn, nínú gìtá tó ti tú sílẹ̀.

"Ara bọ́tìnì ló yẹ kí èyí wà, kí ẹ lè dín ohùn tó mú kù nígbà tó bá wù yín. Ẹnì kan so ó tààrà mọ́ píkọ́ọ̀pù tó ń gba ohùn okùn. Gbogbo ohùn tó mú ń jò dànù kó tó jáde."

"Bóyá wọ́n ṣèèṣì ni?"

"Ṣèèṣì kẹ̀! Ẹ wo bó ṣe fi òwú pupa wé ojú wáyà kó tó fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Ọwọ́ ọ̀gá nìyí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ lọ wo inú ẹgbẹ́ yín dáadáa."

Obìnrin náà ò ro ti ẹgbẹ́ kankan. Òwú ló ń wò.

Òwú yẹn wà nínú rédíò ilé rẹ̀. Ó wà nínú fáànù, ó wà nínú áyọ́ọ̀nù. Ara máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ló ti wá, òun alára ló sì máa ń já a fún ẹni tó ń tún wọn ṣe.

"Ṣé kí n yọ ọ́, màmá?"

"Fi í sílẹ̀." Ó gbé gìtá kọ́ èjìká. "Olówó orí mi ló so ó. Òun náà ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u."